Láti Orí Kóró Òwú Dé Orí Abẹ́rẹ́: Ìtọ́sọ́nà fún Ríran Òwú, Pípa á Láró àti Fífi Ọwọ́ Hun Ún Nínú Ilé ní Èkó

Ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ òkè ilé tí mò ń gbé ní Èbúté Mẹ́ta, àpótí ìjókòó kúkúrú kan wà tí ẹlòmíràn kì í jókòó lé. Ibẹ̀ ni mo ti ń ran òwú ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Sátidé, tí igbá kékeré kan wà níwájú mi, tí ìrànwú wà nínú igbá náà, tí òwú gbígbọ̀n sì wà lọ́wọ́ òsì mi. Ohun tí mo fẹ́ kọ síhìn-ín ni ọ̀nà tí ẹni tí ó ń gbé Èkó, ì báà jẹ́ nínú yàrá kan péré, lè gbà mú òwú tí kóró ṣì wà nínú rẹ̀, kí ó ran án, kí ó pa á láró, kí ó sì fi abẹ́rẹ́ hun ún di ohun tí a lè lò. Ṣíṣe é àti bíbà á jẹ́ ni mo fi kọ́ ọ. Ohun tí mo sì rí ni pé èyí tí ó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà ti parí kí okùn kankan tó jáde: ó wà nínú òwú tí a rà àti nínú bí a ṣe gbọ̀n ọ́n. Òwú tí ìyá gbọ̀n lọmọ ń ran, bí àwọn àgbà ṣe wí.

Òwú tí ẹ ó rà

Ọ̀pọ̀ ìwé òkè òkun tí ó ń kọ́ni ní iṣẹ́ yìí, irun àgùntàn ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀. Àgùntàn ilẹ̀ wa kì í hu irú irun gígùn, rírọ̀ bẹ́ẹ̀, ooru Èkó kò sì gba kí a máa fi irun àgùntàn bora. Òwú ni tiwa. Sányán náà jẹ́ tiwa, èyí tí a ń ran láti ara ilé tí kòkòrò kan ń fi itọ́ ara rẹ̀ kọ́ sórí igi, ṣùgbọ́n omi eérú ni a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi sè é kí ó tó tú sílẹ̀, kò sì rọrùn láti rí rà. Ẹ jẹ́ kí a fi í sílẹ̀ di ìgbà tí ọwọ́ yín bá ti mọ́ òwú dáadáa.

Ẹ fi gíráàmù 100 òwú tí a ti yọ kóró rẹ̀ ṣe ìwọ̀n ìbẹ̀rẹ̀ yín. Nítorí pé kóró ni ó ń kó nǹkan bí ìdá méjì nínú ìdá mẹ́ta ìwúwo òwú tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ já, òwú oníkóró tí ó tó gíráàmù 300 ni ẹ ó rà. Àwọn lẹ́kuléja ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ bá, ní Erékùṣù Èkó tàbí ní Múṣin. Bí wọn kò bá ní in nílẹ̀, ẹ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n bá yín ránṣẹ́ sí àwọn ìlú òkè láti wá a. Ẹ sọ ọ́ kedere pé òwú oníkóró ni ẹ fẹ́, kí ẹ má kàn sọ pé òwú.

Mo ń tẹnu mọ́ èyí nítorí ohun tí ojú mi rí. Nígbà tí mo kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀, ọ̀dọ̀ ẹnì kan tí ó ń ta ohun tí a ń kì sínú ìrọ̀rí ni mo ti ra ẹ̀kún àpò kan. Ó ń dán, ó fúyẹ́ bí ìyẹ́, ó sì dùn ún fọwọ́ kàn. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi jókòó tì í, tí okùn ń já lọ́wọ́ mi léraléra, tí mo sì gbà pé ọwọ́ mi ni kò yá. Àṣé òwú orí igi àràbà ni. Fọ́nrán rẹ̀ ń yọ̀, kò lè di ara rẹ̀ mú, inú ìrọ̀rí nìkan ni ó dára sí. Bí ẹ bá fẹ́ mọ ìyàtọ̀, ẹ já díẹ̀ sáàárín ìka méjì, ẹ lọ́ ọ, kí ẹ sì fà á: òwú gidi yóò di okùn, yóò sì bá yín fà á díẹ̀ kí ó tó já, ti àràbà yóò yọ́ lọ bí ẹni pé a kò lọ́ ọ rárá. Òwú ilé oògùn ṣe é ran, àmọ́ fọ́nrán rẹ̀ kúrú jù fún ọwọ́ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́.

Yíyọ kóró àti gbígbọ̀n

Ẹ sá òwú náà sóòrùn fún bíi wákàtí kan, nítorí pé òwú gbígbẹ máa ń tètè fi kóró rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ wá pákó kan tí ojú rẹ̀ dán, àti ọ̀pá irin roboto kan tí ó gùn tó ẹsẹ̀ bàtà kan, tí kò nípọn ju ìka ọmọńdinrín lọ. Ẹ fi ẹyọ òwú kan sórí pákó, ẹ gbé ọ̀pá náà lé etí rẹ̀, kí ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì tẹ̀ ẹ́, kí ẹ sì máa yí i lọ síwájú bí ẹni tí ń fi ọmọ ọlọ lọ ata. Ọ̀pá náà yóò máa gba orí òwú kọjá, kóró yóò sì máa sá jáde níwájú rẹ̀, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì. Ẹ má tẹ̀ ẹ́ débi pé kóró yóò fọ́, nítorí òróró wà nínú rẹ̀, òróró yẹn a sì máa dá àbàwọ́n sí òwú tí aró kò ní lè wọ̀.

Gbígbọ̀n ni ó kàn, òun ni mo sì fẹ́ràn jù nínú gbogbo iṣẹ́ yìí. Ẹ tẹ ọparun tẹ́ẹ́rẹ́ kan bí ọrun ọdẹ, kí ẹ so okùn tí ó le mọ́ ọn lórí àti nídìí, kí ó fà gan-an. Ẹ gbé okùn ọrun náà lé ìdìpọ̀ òwú kékeré kan, kí ẹ fi àtàǹpàkò fà á, kí ẹ sì jọ̀wọ́ rẹ̀ lójijì. Ó máa dún bí okùn gòjé. Òwú tí ó ti lẹ̀ pọ̀ yóò bẹ̀rẹ̀ sí í tú, yóò máa fò sókè díẹ̀díẹ̀, títí tí gbogbo rẹ̀ yóò fi wú bí ìfófòó ọṣẹ lórí pákó, tí ẹ lè rí ojú fèrèsé láti ìhà kejì rẹ̀. Bí ẹ bá ṣì rí kókó kankan nínú rẹ̀, ẹ tún un gbọ̀n. Kókó tí ẹ bá fi sílẹ̀ báyìí ni yóò já okùn yín lọ́la. Ẹ fi ìbòmú bo imú, kí ẹ sì pa fáànù, nítorí ẹ̀fúùfù díẹ̀ ti tó láti kó iṣẹ́ wákàtí kan lọ sí abẹ́ ibùsùn.

Lẹ́yìn èyí, ẹ tẹ́ òwú gbígbọ̀n náà ní fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ẹ gbé pẹ́ńsùlù lé etí rẹ̀ kan, ẹ ká a mọ́ pẹ́ńsùlù náà láìfún un, kí ẹ sì yọ pẹ́ńsùlù jáde. Ohun tí ó kù lọ́wọ́ yín yóò dà bí ìka ńlá kan tí inú rẹ̀ ṣófo. Ẹ ṣe bíi ogún irú rẹ̀ kí ẹ tó jókòó ti ìrànwú, kí ẹ má bàa máa dìde.

Ìrànwú àti bí a ṣe ń lò ó

Ìrànwú kò ju igi tín-ín-rín kan lọ, tí ó ní amọ̀ roboto kan nítòsí ìdí rẹ̀ láti fún un ní ìwúwo. Bí ẹ kò bá rí èyí tí a ti ṣe rà, igi sùúyà tí ó tọ́ yóò ṣiṣẹ́ náà. Ẹ fi sáńpépà họ ọ́ títí tí kò fi ní máa fa òwú mọ́ra, kí ẹ sì gbẹ́ ìdí rẹ̀ kí ó ṣe ṣóńṣó. Ẹ fi amọ̀ ṣe róbótó kan tí kò tóbi ju obì kékeré kan lọ, tí ìwúwo rẹ̀ jẹ́ gíráàmù 15 sí 20, ẹ fi igi náà lu ihò sí àárín rẹ̀ gan-an nígbà tí ó ṣì tútù, kí ẹ sì jẹ́ kí ó gbẹ lábẹ́ òjìji fún ọjọ́ mẹ́ta. Bí ihò náà kò bá sí láàárín, ìrànwú yóò máa ta gọ́ọ́gọ́ọ́, kò ní yí. Ibi tí amọ̀ náà máa dúró sí ni ìwọ̀n ìka mẹ́ta sókè láti ìdí igi.

Ẹ so okùn òwú tí a ti ran tẹ́lẹ̀, tí ó gùn tó ìwọ̀n apá kan, mọ́ igi náà lókè amọ̀, kí ẹ sì lọ́ ọ yí igi ká gòkè títí dé orí rẹ̀. Ẹ fi ìdí ìrànwú sínú igbá tàbí àwo tánganran kékeré, kí ó dẹ̀gbẹ́ díẹ̀ sí ọ̀dọ̀ yín. Ẹ fi ẹfun tàbí eérú kúnná ra ìka, kí òógùn má bàa mú òwú lẹ̀ mọ́ yín lọ́wọ́. Ní báyìí, ẹ fi orí okùn náà sínú ẹnu òwú tí ẹ ti ká, ẹ fi òsì mú un jẹ́jẹ́, kí ẹ sì fi àtàǹpàkò àti ìka tí ó tẹ̀lé e ní ọ̀tún ta ìrànwú náà sí ọ̀nà tí ọwọ́ aago ń gbà yí. Lílọ́ náà yóò gun okùn lọ, yóò sì gbá etí òwú mú.

Nígbà tí ó bá ti gbá a mú, ẹ máa fa ọwọ́ òsì sẹ́yìn láìsáré, kí ọ̀tún sì máa ta ìrànwú láìdúró. Àṣírí ibẹ̀ ni pé kí lílọ́ má ṣe pẹ́ lẹ́yìn ọwọ́, kí ó má sì ṣáájú ọwọ́. Bí ọwọ́ bá yá jù, òwú á já. Bí ìrànwú bá yá jù, okùn á ká kò, á di kókó. Ẹ ó rí i pé ibi kan tín-ín-rín, ibi kan nípọn. Ẹ má fòyà. Lílọ́ máa ń kọ́kọ́ sá lọ sí ibi tí ó tín-ín-rín, ibi tí ó nípọn a sì ṣì rọ̀. Bí ẹ bá tún rọra fà á lẹ́ẹ̀kan sí i, ibi tí ó nípọn yẹn ni yóò nà, tí okùn yóò sì dọ́gba níṣojú yín. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ rí i tí èyí ṣẹlẹ̀, mo pariwo pe àwọn ará ilé kí wọ́n wá wò ó.

Bí okùn bá ti gùn tó apá yín, ẹ tún ta ìrànwú ní ìgbà mélòó kan kí ó lè le dáadáa, lẹ́yìn náà kí ẹ ká okùn náà sórí igi lókè amọ̀, kí ẹ fi díẹ̀ sílẹ̀ lọ sí orí igi, kí ẹ sì tún bẹ̀rẹ̀. Bí ó bá já, ẹ tú ẹnu méjèèjì sílẹ̀ ní ìwọ̀n sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta, ẹ gbé ọ̀kan lé èkejì, kí ẹ sì lọ́ wọn pọ̀. Ẹ má so ó ní kókó, nítorí kókó kì í gba ojú ìhun kọjá ní ìrọ̀rùn.

Ooru àti ọ̀rinrin Èkó tí a máa ń ráhùn sí, ọ̀rẹ́ arànwú ni. Òwú tí afẹ́fẹ́ rinrin díẹ̀ yí ká lágbára ju èyí tí ó gbẹ táútáú lọ, fọ́nrán rẹ̀ kì í sì í fò kiri. Ní àsìkò ọyẹ́, nígbà tí ètè pàápàá ń là, okùn mi a máa já ní ìlọ́po méjì. Ìgbà náà ni mo máa ń gbé àwo omi kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ igbá mi, tí mo sì ń tọ́ ìka sí i nígbà míràn. Ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lè ran gíráàmù mẹ́wàá ní ìrọ̀lẹ́ kan bí ó bá ní sùúrù, èyí tí ó túmọ̀ sí pé gíráàmù 100 lè gbà yín ju ọ̀sẹ̀ kan lọ. Ẹ má ju okùn ọjọ́ àkọ́kọ́ nù, ó ní ohun tí a ó fi ṣe.

Lílọ́ méjì pọ̀

Okùn ẹlẹ́yọ kan tí a bá fi hun aṣọ yóò mú kí aṣọ náà wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, nítorí pé lílọ́ inú rẹ̀ ṣì ń wá ọ̀nà láti tú. Ẹ ká okùn yín sí orí ìdì méjì, ẹ fi ìdì kọ̀ọ̀kan sínú abọ́ tirẹ̀, ẹ so orí méjèèjì pọ̀ mọ́ ìrànwú, kí ẹ sì ta á sí òdìkejì ọ̀nà tí ẹ fi ran án. Iṣẹ́ yìí yá, ó sì dùn, nítorí pé òwú kì í já mọ́. Ẹ wá ká gbogbo rẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn àga, kí ẹ fi okùn mìíràn so ó ní ọ̀nà mẹ́rin láìfún un, kí ó má bàa lọ́jú pọ̀ nínú omi.

Sísè é pẹ̀lú káún

Òwú tútù ní òróró àti oje ara tí kì í jẹ́ kí omi wọ inú rẹ̀. Bí ẹ kò bá yọ wọ́n, aró yóò mú níbì kan, kò ní mú níbòmíràn. Mo ti fo ìpele yìí rí nítorí ìkánjú, mo sì pa okùn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta láró tí ó jáde ní kàlákìnní bí ara àmọ̀tẹ́kùn.

Ẹ da omi lítà márùn-ún sínú ìkòkò tánganran tàbí èyí tí kì í dógùn-ún, ẹ lọ káún kúnná kí ẹ sì da ẹ̀kún ṣíbí ìjẹun kan sí i, ẹ fi ọṣẹ dúdú tí ó tó ìwọ̀n obì kan kún un, kí ẹ sì ki òwú tí a ti fi omi rin tẹ́lẹ̀ bọ̀ ọ́. Ẹ jẹ́ kí ó máa hó wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ fún wákàtí kan àbọ̀. Ẹnu yóò yà yín bí omi náà bá pọ́n bíi tíì, nítorí òwú tí ẹ rò pé ó mọ́ ni. Ẹ dà á nù, ẹ ṣan án, kí ẹ sì tún un sè nínú omi tuntun títí omi yóò fi mọ́. Láti dán an wò, ẹ fi okùn kékeré kan lé ojú omi tútù: bí ó bá rì lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ó ti tó, bí ó bá léfòó, káún ṣì ní iṣẹ́ ṣe. Ìkòkò tí ẹ bá lò fún èyí àti fún aró kò gbọ́dọ̀ padà sí ìdí oúnjẹ láéláé.

Ọ̀rọ̀ omi kò kéré. Ní ọ̀pọ̀ àdúgbò Èkó, omi inú ilẹ̀ tí a fi ẹ̀rọ fà ní irin nínú, èyí ni ó ń pọ́n ike àti àwo ìwẹ̀ tí ó bá pẹ́ nínú rẹ̀. Irin yẹn máa ń mú àwọ̀ pupa àti àwọ̀ ìyeyè ṣókùnkùn. Omi òjò ni mo ń lò fún gbogbo àwọ̀ tí mo bá fẹ́ kí ó mọ́lẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe ti òjò àkọ́rọ̀, nítorí ìdọ̀tí orí páànù ni ìyẹn máa ń kó wálẹ̀.

Àwọn àwọ̀ tí ó wà ní àyíká

Yàtọ̀ sí aró ẹ̀lú, púpọ̀ nínú àwọ̀ tí a ń rí láti ara ewé àti èèpo kì í mú lára òwú láìsí ohun tí yóò dè é mọ́ ọn. Ohun méjì ni a ń lò, ní ìtẹ̀léra. Èkíní ni oje ewé tí ó ń fa ahọ́n pọ̀: ewé gúáfà, tàbí ewé fúrúùtù pupa tí ó ń já bọ́ sí àgbàlá ilé ẹ̀kọ́ àti ojú títì. Ẹ se gíráàmù 200 ewé náà fún wákàtí kan, ẹ sẹ́ ẹ, kí ẹ sì rẹ òwú sínú omi gbígbóná rẹ̀ mọ́jú. Èkejì ni álọ́ọ̀mù tí a fi ń mú omi tòrò, gíráàmù 15 sí 20 fún gíráàmù 100 òwú, tí a yọ́ sínú omi gbígbóná. Òwú yóò tún sùn sínú ìyẹn. Bí ẹ bá fi álọ́ọ̀mù ṣáájú ewé, agbára rẹ̀ á dínkù.

Èèpo àlùbọ́sà ni mo máa ń gba ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ níyànjú láti kọ́kọ́ lò. Àwọn alálùbọ́sà ní Òyìngbò máa ń gbá a dà nù, bí ẹ bá sì tọrọ rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀yàyà, wọ́n á bu àpò kan fún yín. Gíráàmù 100 èèpo gbígbẹ, wákàtí kan lórí iná, kí a sẹ́ ẹ, kí òwú wọ inú rẹ̀ fún wákàtí kan mìíràn: àwọ̀ wúrà ni yóò jáde, ó sì máa ń pẹ́ lára òwú ju bí a ṣe rò lọ. Ewé poroporo ọkà bàbà tí a sè pẹ̀lú káún díẹ̀ ń fúnni ní pupa tí ó ṣú bíi wáìnì. Obì tí a gún ń fúnni ní àwọ̀ ilẹ̀. Osùn kì í tú sínú omi lásán, ó fẹ́ omi eérú tàbí káún, oòrùn sì máa ń jẹ pupa rẹ̀. Ata ilẹ̀ pupa ń tàn yòò lọ́jọ́ àkọ́kọ́, àmọ́ ìgbà díẹ̀ lórí okùn ìsáṣọ ti tó láti ṣí i, nítorí náà n kì í fi í pa ohun tí mo bá fẹ́ fún ènìyàn lẹ́bùn.

Ìkòkò aró

Aró yàtọ̀. Kò fẹ́ ewé gúáfà, kò fẹ́ álọ́ọ̀mù, kò sì fẹ́ ìkánjú. Ẹni tí ó bá fẹ́ fi ojú rí ohun tí aró lè dà lọ́wọ́ ẹni tí ó mọ̀ ọ́n ṣe, kí ó ya Nike Art Gallery ti Olóyè Nike Okundaye ní Lẹ́kí, kí ó wo àwọn àdìrẹ ibẹ̀ kí ó tó bẹ̀rẹ̀.

Ewé ẹ̀lú tútù ni a ń gún nínú odó, tí a ń mọ ní ìṣù, tí a sì ń sá gbẹ. Abẹ́òkúta tàbí Òṣogbo ni mo ti ń ra ìṣù gbígbẹ náà bí mo bá rìnrìn àjò. Fún òwú gíráàmù 100, kílò kan ẹ̀lú àti lítà mẹ́wàá omi eérú ti tó. Eérú igi gidi ni, tí kò sí ọ̀rá tàbí ike kankan tí ó jó mọ́ ọn; ọ̀dọ̀ àwọn ìyá tí ń yan ẹja ní Màkókò ni mo ti ń rí tèmi. Ẹ lu ihò wẹ́wẹ́ sí ìdí garawa kan, ẹ tẹ́ aṣọ sínú rẹ̀, ẹ kó eérú kún un dé ìdajì, ẹ gbé e lé orí garawa mìíràn, kí ẹ sì máa bu omi sí i díẹ̀díẹ̀. Ohun tí ó bá kán sílẹ̀ mọ́jú yóò pọ́n bíi tíì, yóò sì máa yọ̀ bí ọṣẹ láàárín ìka. Omi náà ń jẹ awọ ara, nítorí náà ẹ wọ ìbọ̀wọ́, ẹ sì gbé e sí ibi tí ọwọ́ ọmọdé kò lè tó.

Ẹ rún ẹ̀lú sínú omi eérú náà, ẹ bò ó, ẹ gbé e sí ibi tí ó móoru, kí ẹ sì rò ó lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́ láìpò ó pọ̀ mọ́ afẹ́fẹ́. Àwọn kòkòrò àìfojúrí ni ó ń ṣiṣẹ́ nínú ìkòkò: wọ́n ń gba afẹ́fẹ́ kúrò lára aró, kí ó lè yọ́ sínú omi kí ó sì lè wọ inú òwú. Ní ọjọ́ karùn-ún sí ìkeje, ẹ ó rí awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan lójú rẹ̀ tí ó ń dán bíi bàbà, tí omi abẹ́ rẹ̀ kì í ṣe búlúù mọ́ bí kò ṣe àwọ̀ ewé tí ó ti ń pọ́n. Òórùn rẹ̀ á ti yí padà pẹ̀lú, àwọn ará ilé yóò sì ti sọ fún yín. Ní oṣù Keje, nígbà tí òjò bá mú ilẹ̀ tutù, ó lè pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn aláró àtijọ́ kì í ṣí ìkòkò láìkí Ìyá Mápó, ẹni tí wọ́n gbà pé ó ni iṣẹ́ náà; bí mo bá ń ṣí tèmi, èmi náà máa ń dúró díẹ̀.

Ẹ fi omi rin òwú, ẹ fún un, kí ẹ sì tì í sábẹ́ aró láìjẹ́ kí omi ta. Ẹ kà dé ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ẹ wá rọra gbé e jáde, kí ẹ sì máa wò ó: bí ó ṣe jáde, àwọ̀ ewé tútù ni, kí ẹ tó gbọ̀n ọ́n tán, etí rẹ̀ ti ń ṣú, láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan, búlúù á ti bò ó tán, nítorí pé afẹ́fẹ́ ti padà sára rẹ̀. Ẹ fi í sílẹ̀ nínú afẹ́fẹ́ fún ìṣẹ́jú 15, kí ẹ sì tún un rì. Ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì yóò fún yín ní ayìnrín. Ẹ̀ẹ̀mẹ́jọ sí ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá ni ó ń súnmọ́ dúdú ẹtù. Òwú tí ẹ ti fi èèpo àlùbọ́sà pa tẹ́lẹ̀, bí ó bá wọ aró lẹ́ẹ̀kan, yóò di àwọ̀ ewé. Ní ìgbẹ̀yìn, ẹ ṣan án nínú omi púpọ̀, kí ẹ fún ọsàn wẹ́wẹ́ kan sínú omi tí ẹ ó fi ṣan án kẹ́yìn, kí ó lè pa agbára eérú tí ó kù, kí ẹ sì sá a sí abẹ́ òjìji.

Híhun

Abẹ́rẹ́ onígi gígùn méjì tí ó nípọn tó mìlímítà mẹ́rin ni mo fẹ́ràn fún òwú, nítorí òwú máa ń yọ̀ bọ́ lára ti irin. Ẹ lè rà wọ́n ní Balógun tàbí ní Tejúoṣó ní Yábàá, lọ́dọ̀ àwọn tí ń ta bọ́tìnnì àti okùn. Ohun àkọ́kọ́ tí ẹ ó hun kò gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹ̀wù. Ẹ hun aṣọ ìnujú onígun mẹ́rin kan, tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọ̀ọ̀kan jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 20. Kò ní gbà ju gíráàmù 30 sí 40 òwú lọ.

Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ hun ojú 20 fún ìlà mẹ́wàá, kí ẹ sì wọn fífẹ̀ rẹ̀. Bí ojú 18 bá gba sẹ̀ǹtímítà mẹ́wàá, ojú 36 ni ẹ ó dá sórí abẹ́rẹ́ fún aṣọ náà. Okùn tí a fi ọwọ́ ran kì í rí bákan náà lọ́wọ́ ènìyàn méjì, nítorí náà ìwọ̀n tiyín ni kí ẹ gbà gbọ́. Bí okùn yín bá tín-ín-rín jù, ẹ mú méjì pọ̀.

Ẹ ta kókó yíyọ kan, ẹ fi sórí abẹ́rẹ́ òsì, òun sì ni ojú kìíní. Fún ojú kọ̀ọ̀kan tí ó tẹ̀lé e, ẹ ti abẹ́rẹ́ ọ̀tún bọ inú ojú tí ó wà lẹ́nu, ẹ fi okùn kọ́ ọ, ẹ fa okùn náà jáde, kí ẹ sì gbé ojú tuntun náà padà sórí abẹ́rẹ́ òsì, títí yóò fi pé 36. Híhun gan-an kò yàtọ̀ púpọ̀: ẹ ti abẹ́rẹ́ ọ̀tún bọ ojú láti iwájú, ẹ fi okùn kọ́ ọ, ẹ fà á jáde, kí ẹ sì jẹ́ kí ojú àtijọ́ bọ́ kúrò lára òsì. Nígbà tí ìlà kan bá parí, ẹ pààrọ̀ abẹ́rẹ́ lọ́wọ́ kí ẹ sì tún un ṣe. Gbogbo ìlà ni kí ẹ hun bákan náà. Aṣọ náà yóò ní ebè kéékèèké níwájú àti lẹ́yìn, kò sì ní ká kò. Òwú kì í fà bí irun àgùntàn, nítorí náà ẹ má fún ojú yín jù, ọrùn ọwọ́ ni yóò jìyà rẹ̀. Mo máa ń hun ìlà mẹ́jọ aró, ìlà mẹ́rin funfun. Okùn ọjọ́ àkọ́kọ́ tí ó rí kókókòkò, tí mo ní kí ẹ má jù nù, òun ni kí ẹ fi ṣe funfun yẹn, nítorí ara tí kò dán ni ó ń nu ojú dáadáa.

Kí ẹ mọ̀ bóyá ó ti dọ́gba, ẹ ṣẹ́ igun kan dé igun kejì. Bí etí méjèèjì bá pàdé, ó ti tó. Láti pa á dé, ẹ hun ojú méjì, ẹ gbé ti àkọ́kọ́ gba orí èkejì kọjá kí ó bọ́, ẹ hun ọ̀kan sí i, kí ẹ tún ṣe bẹ́ẹ̀ títí yóò fi ku ẹyọ kan, kí ẹ gé okùn kí ẹ sì fà á gba inú rẹ̀. Ẹ fi abẹ́rẹ́ ìránṣọ tọ́jú ẹnu okùn sínú ìhun.

Ẹ dá aṣọ náà fọ̀ fúnra rẹ̀ ní ìgbà mẹ́ta àkọ́kọ́, ní omi tútù àti ọṣẹ díẹ̀. Búlúù díẹ̀ yóò jáde, aró tí kò rí ibi dìmú ni. Bí ó bá ṣì ń jáde púpọ̀ ní ìgbà kẹrin, ó jẹ́ pé ẹ kò ṣan án tó nígbà tí ó kúrò nínú ìkòkò, ẹ dá a padà sínú omi ọsàn wẹ́wẹ́ kí ẹ sì ṣan án títí yóò fi mọ́.